Lẹ́tà sí Bàbá àti Màmá ní Òṣogbo

York, Ìlú Ọba
Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin òbí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ibí nìkan ni kò gbẹ̀bẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n kí Màmá gbọ́ sí i, torí àwọn ni wọn yóò bá mi rọ̀ yín.

Wọ́n ti fún wa ní ìsinmi Kérésì. Aago mẹ́rin kì í tíì lù tí oòrùn fi ń wọ̀, ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí a sì máa jókòó sínú yàrá títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun lọ bá àwọn tó ń mú èèyàn fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìlú, tí wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Láti 1951 ni ẹgbẹ́ kan ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Exhibition Square ni wọ́n ti ń pàdé èèyàn, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ìyá àgbà kan tó dé fìlà onírun ni amọ̀nà wa. Ó mú wa lọ sídìí ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan nínú ọgbà, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ògiri. Ó ní ká wò ó dáadáa. Nísàlẹ̀, òkúta kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ dọ́gba ni, ìlà bíríkì pupa sì gba àárín wọn kọjá: iṣẹ́ àwọn ará Róòmù nìyẹn. Lókè, òkúta ńláńlá ni, iṣẹ́ àwọn tó dé ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn wọn. Gbogbo wa tò, a fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkúta náà tutù bíi yìnyín. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ìlà pupa yẹn ni ojú mi ń wá.

Ó ní ní ọdún 71 ni àwọn ọmọ ogun Róòmù tẹ ibẹ̀ dó. Ó wá dárúkọ Septimius Severus, ọba Róòmù tó kú sí York ní 211. Leptis Magna ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Líbíyà lónìí. Ọmọ Áfíríkà, Bàbá! Eegun obìnrin kan tún wà tí wọ́n hú jáde níbí ní 1901, tí wọ́n sin pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin. Ní 2010 àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kí ìran rẹ̀ ti Àríwá Áfíríkà wá. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Wọn kì í sì í fi èyí tó burú pamọ́. Nígbà tí a dé Clifford's Tower, ilé ìṣọ́ àtijọ́ kan lórí òkìtì, lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n sọ fún wa pé ní oṣù Kẹta 1190, nǹkan bí 150 Júù sá wọ ilé ìṣọ́ onígi tó wà lórí òkìtì yẹn nígbà náà, nígbà tí àwọn ará ìlú fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ẹ̀mí ara wọn, wọ́n sì pa àwọn tó jáde wá. Ẹni tó ń sọ ọ́ fún wa kò bo ọ̀rọ̀ kankan mọ́lẹ̀.

Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń rò ní gbogbo ìgbà yẹn. Oṣù Kẹjọ ni ayé ń rọ́ wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n Kérésì ni àwọn ọmọ tiwa ń wálé láti Èkó, fóònù ni wọ́n sì ń tẹ̀ títí wọn ó fi padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ kó wọn jáde lọ́dún yìí, àwọn ìbejì àti àwọn ọmọ àdúgbò tó bá fẹ́ tẹ̀ lé yín.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó rélùwéè. 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Ẹ sọ bí àwọn oníṣòwò ṣe tẹ̀ lé e wá, kí ẹ fi ibi tí ẹ ti ń fọn fèrè fún ọkọ̀ hàn wọ́n. Láti ibẹ̀, ẹ gba Ọjà Ọba dé iwájú Ààfin. Ẹ sọ ti ogun nǹkan bí 1840, tí àwọn ará Ìbàdàn, Balógun Odérìnlọ níwájú, fi dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo. Kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, láì bú ẹnikẹ́ni, torí ọmọ Ìlọrin ni ìyàwó Bàbá Ìbejì.

Ẹ má gbàgbé Dúró Ládípọ̀ eléré orí ìtàgé, bó ṣe sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, ní 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ bíi Twins Seven-Seven ti ibẹ̀ di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ẹ yà sí ọ̀nà Ìbòkun, kí wọ́n rí ilé Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tó wá sí Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú ní Òṣogbo ní 2009.

Igbó Ọ̀ṣun ni kí ó kẹ́yìn. Ìtàn Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó, bí wọ́n ṣe gé igi tó wó sódò, tí ohùn kan ké jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, etí odò gan-an ni kí ẹ ti sọ ọ́. Ẹ fi ère tí Àdùnní mọ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa, àwọn Adébísí Àkànjí, hàn wọ́n. Igbó yẹn ti wà nínú ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005, ọmọ wa ò sì gbọdọ̀ jẹ́ àlejò níbẹ̀. Bí Bàbá Ìbejì bá ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wọ igbó òrìṣà, ẹ sọ fún un pé ìtàn ìlú la fẹ́ kí wọ́n mọ̀, a ò ní kí wọ́n bọ nǹkan kan.

Àárọ̀ ni kí ẹ jáde, kí oòrùn tó mú. Bí orúnkún bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi igbó di ọjọ́ kejì. Mo ti fi owó omi àti owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gba ohùn yín sórí fóònù ní ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dúró, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Màmá, ẹgúsí tí ẹ fi rán ẹni tó ń bọ̀ níjọ́sí dé ọwọ́ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìtọ́jú.

Ọmọ yín,
Àdùkẹ́