Èéfín tí Paris lé lọ wà ní Àjàṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí bí afẹ́fẹ́ ìlú Paris ṣe ń mọ́ sí i, òótọ́ sì ni. Airparif, àjọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ níbẹ̀ láti 1979, sọ pé láàárín 2005 sí 2024, eruku kíkúnná inú èéfín, èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, dín kù ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Gáàsì nitrogen dioxide tó ń ti ẹnu sálẹ́ńsà mọ́tò jáde dín kù ní ìdajì. Ohun tí ẹ kò sọ ni ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń rú èéfín náà gbà lọ. Mẹkáníìkì ni mí ní ọ̀nà Wándò, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà.

Bí tòkunbọ̀ bá ti Kútọnu dé, gíláàsì iwájú ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Lára èyí tó bá ti Faransé wá, ẹ ó sábà rí bébà roboto kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti inú. Nọ́ńbà gàdàgbà kan wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí i. Crit'Air ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ bí èéfín ọkọ̀ ṣe burú tó: 3 ní àwọ̀ ọsàn, 4 pupa tó dúdú díẹ̀, 5 àwọ̀ eérú. Láti oṣù Keje 2017 ni Paris ti sọ fún 5 pé kò gbọdọ̀ wọ ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́. Ní 2019, ó kan 4. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, ó kan 3, tí dísẹ̀lì ọdún 2006 sí 2010 wà lára wọn. Èmi gan-an ti fi omi gbígbóná àti abẹ fá 4 àti 5 kúrò lára gíláàsì tó pọ̀, torí àwọn oníbàárà kì í fẹ́ kó wà lójú wọn. Ọkọ̀ tí wọn kò fẹ́ kó gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn kọjá mọ́, òun ló ń gbé ọmọ tiwa lọ sílé ẹ̀kọ́.

N kò bá àwọn ará Paris jà. Ojú àwọn náà rí màbo. Ní oṣù Kẹta 2014, èéfín bo ìlú wọn débi pé wọ́n ní kí ìdajì ọkọ̀ dúró sílé, wọ́n sì sọ ọkọ̀ èrò di ọ̀fẹ́. Ìjọba wọn kò sì déédéé ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ aráàlú bíi Les Amis de la Terre ló pè é lẹ́jọ́, tí Conseil d'État, ilé ẹjọ́ tó ga jù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjọba, fi ní kó san owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 yúrò ní oṣù Kẹjọ 2021, àti mílíọ̀nù 20 mìíràn ní 2022. Lọ́dún 2021 kan náà, àjọ ìlera wọn, Santé publique France, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 40,000 èèyàn ló ń kú lọ́dún kan nítorí eruku kíkúnná yìí. Bí orílẹ̀-èdè tó lówó, tó ń wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bá ṣì ń sin òkú tó tó yẹn, ta ló ń ka tiwa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lábẹ́ ọkọ̀. Àpótí irin kan wà lára sálẹ́ńsà tí à ń pè ní kàtàlísọ̀. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium kùn ún, àwọn irin olówó iyebíye tó ń pa oró inú èéfín kó tó jáde. Nítorí owó irin wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń gé e kúrò. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ọkọ̀ kan wá pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí kàtàlísọ̀ wà, páìpù lásán ni wọ́n jó mọ́ ọn, ojú ibi tí wọ́n jó sì ṣì ń dán, kò tíì dípẹtà rárá. Ẹni tó ra ọkọ̀ náà kò mọ̀. Owó ọkọ̀ pípé ló san.

Kì í ṣe ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ní 2020, ìjọba Nẹ́dálándì yẹ àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ gba èbúté wọn wá sí Áfíríkà wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pé ọdún 16 sí 20, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ṣeé gùn lójú títì sì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún náà, UNEP, àjọ tó ń bójú tó àyíká fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó lọ sílẹ̀ òkèèrè káàkiri ayé, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù.

Ti epo tún wà níbẹ̀. Láti 2009, imí ọjọ́ inú dísẹ̀lì kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ ní Yúróòpù. Nígbà tí Public Eye, ẹgbẹ́ aráàlú kan ní Switzerland, yẹ epo wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, tí Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, wọ́n rí èyí tó tó ìlọ́po 378 ìwọ̀n yẹn. Ọdún 2016 nìyẹn. Imí ọjọ́ a máa ba kàtàlísọ̀ jẹ́, kódà bí ó bá pé. ECOWAS ti ní kó má ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ láti 2021, kí ọkọ̀ tó ń wọlé má sì rẹlẹ̀ ju Euro 4, ìlànà èéfín ọkọ̀ ti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò, wò lẹ́bàá títì? Ìyá tó ń dín àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán wa kì í dúró kí a kìlọ̀ fún un. Tó bá ti rí i pé ọmọṣẹ́ kan ń lọ sídìí ọkọ̀ dísẹ̀lì láti tan án, á ti sáré da ìdérí bo abọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ fi ń bo imú tiwọn.

Àwọn kan á ní bí a bá dá ọkọ̀ àgbà dúró, kí ni mẹ́kùnnù yóò gùn, kí ni mẹkáníìkì yóò jẹ? N kò ní kí wọ́n dá ọkọ̀ àgbà dúró. Ohun tí mo ní ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ní èbúté Kútọnu. Kí wọ́n ki okùn ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín bọ ẹnu sálẹ́ńsà rẹ̀, kí èyí tí wọ́n ti gé kàtàlísọ̀ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ sí oríta Wándò, kí wọ́n máa ka iye tó bá sọ lórí rédíò lójoojúmọ́. Láti 2001 ni a ti ní òfin ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, abala 27 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa sì sọ pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni àyíká tó dára. Olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín lọ sí èbúté, kó bi wọ́n léèrè ẹni tó ń wo abẹ́ ọkọ̀ kó tó jáde.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì kan ní ọ̀nà Wándò, Àjàṣẹ́