Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí adágún Ọ̀yán

Àbúrò mi,

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní Ọ̀yán tẹ́ ẹ bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ ya fọ́tò lórí dáàmù, àmọ́ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kankan kan omi yẹn, nítorí àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shagari ṣí dáàmù náà, kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi lò. Odò tó ń ṣàn wá dúró sójú kan, koríko hù létí rẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ kan fi koríko ṣe ilé. Kì í ṣe ìsáwùrú tí à ń sè o. Bí ẹni tó ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò inú ìtọ̀ náà á pa, ọmọ rẹ̀ á wọnú ìgbín lọ pọ̀ sí i. Tí oòrùn bá mú, àwọn ọmọ kòkòrò náà á tú jáde nínú ìgbín. Ojú ò lè rí wọn, wọn ò sì nílò egbò: ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti gba awọ ara wọlé. Etí omi tó mọ dé orúnkún, tí ọmọdé fẹ́ràn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pọ̀ sí.

Tí ọmọ bá ṣèèṣì wọ̀ ọ́, fi táwẹ̀lì nù ún gbẹ kíákíá. Kò dájú, àmọ́ ó sàn. Omi adágún tẹ́ ẹ máa fi wẹ̀, ẹ sè é kó hó, tàbí kó wà nínú dúrọ́ọ̀mù fún ọjọ́ méjì.

Praziquantel ni oògùn àtọ̀sí ajá, 40 mg fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan: ọmọ 30 kg á lo hóró 600 mg méjì. Má sáré fún un lọ́jọ́ kejì, nítorí kòkòrò tó ti dàgbà ló ń pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tó kan omi ni kí dókítà fún un.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn níparí ìtọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹnu ara rẹ sọ fún dókítà pé ọmọ wọ adágún ní Nàìjíríà, kó má baà máa wá nǹkan mìíràn kiri. Ìtọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ gbà fún àyẹ̀wò, kí ìkángun rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹyin ń pọ̀ sí.

Ẹja ibẹ̀ kò ní wàhálà tó bá ti jinná. Bá mi ra yíyan bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ