Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kò yẹ ìwé iṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Nínú ilé, níwájú àlejò, ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Níbi iṣẹ́, òun gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹnì kan á tẹ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp, ẹni tó kà á á fi èrò ọkàn tirẹ̀ dí ààbọ̀ tó kù, iṣẹ́ á sì dojú rú.

Ẹ wo irú èyí: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa gbé nǹkan yẹn wá lọ́la, ọ̀gá ń retí ẹ̀." Nǹkan wo? Ọ̀gá wo nínú ọ̀gá mẹ́rin? Tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ ní aago 11:40 alẹ́, tí ẹni tó ni iṣẹ́ wá kà á láago mẹ́fà ìdájí, "ọ̀la" tirẹ̀ ti fi ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ gbé páálí rìsíìtì oṣù kẹfà wá sí ọ́fíìsì akápò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje, kí aago 10 àárọ̀ tó lù."

Owó àti ọjọ́ ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Nígbà tí kọ́bọ̀ ṣì níyì, 50k túmọ̀ sí àádọ́ta kọ́bọ̀; lónìí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà ni. "2m" lọ́wọ́ káfíńtà, mítà méjì ni. Lọ́wọ́ akáwó, mílíọ̀nù méjì ni. Ẹ ṣe é bíi ti sọ̀wédowó: ẹ kọ iye náà ní nọ́ńbà, kí ẹ tún fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́. Ní ti ọjọ́, ẹ dárúkọ oṣù. 7/8 lọ́dọ̀ wa ni ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà tó bá ṣì wà lórí ètò Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹjọ oṣù keje.

Àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé síra wa tún ní ẹrù tiwa. "Ko san owo naa." Ṣé "kó san owó náà" ni, àbí "kò san owó náà"? Àṣẹ ni ọ̀kan, ẹ̀sùn ni èkejì. Akọ̀wé tó bá ka àṣẹ sí ẹ̀sùn á jókòó ti owó olówó, á máa retí kí ẹlòmíràn wá san án. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí Gboard lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ, ẹ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹni tí kò bá ráyè fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, kó ṣáà má fi "ko" sílẹ̀ láìlámì.

Ìkíni náà ń fẹ́ àtúnṣe. Ẹlòmíràn á kọ "Ẹ káàárọ̀ mà", á dákẹ́, ó di ìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn kó tó sọ pé epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Ẹ má yọ ìkíni kúrò, àwa kọ́ là ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí òun àti ọ̀rọ̀ jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ aláṣegbà, níbi tí òṣìṣẹ́ àárọ̀ ti ń fa iṣẹ́ lé ti alẹ́ lọ́wọ́, ni ewu ti pọ̀ jù. "Jẹnẹrétọ̀ kejì ò ṣe dáadáa" kò wúlò fún ẹni tó ń wọlé bọ̀. Ẹ fi wé èyí: "Jẹnẹrétọ̀ 2 bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní aago 4:20 ìrọ̀lẹ́. Mo pa á ní 4:35. Nígbà tó tutù, mo bu omi lítà 3 sí rédíétọ̀ rẹ̀. Omi ń jò nídìí páìpù ìsàlẹ̀. Ẹ má tàn án kí mẹ̀káníìkì tó wò ó." Inú ìwé ńlá tí wọ́n dì pọ̀ ni kó wà, kì í ṣe orí bébà jákujàku. Ẹni tó bá ṣì í kọ, kó fa ìlà kan lé e kó sì buwọ́ lù ú. Kó má fi nǹkan funfun pa á rẹ́.

Orí WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lè yí i padà. Láàárín bí ọjọ́ méjì, ó lè pa á rẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá tan ètò ọ̀rọ̀ tó ń pòórá, wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90 ló máa lò. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀, òun àti fóònù rẹ̀ ló jọ ń lọ. Labour Act ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré fún àwọn òṣìṣẹ́ tó kàn: kí oṣù mẹ́ta tó pé, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi àdéhùn iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ ní kíkọ, ìfilọ̀ pé wọ́n fẹ́ fòpin sí iṣẹ́, tó bá tó ti ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni òun náà. Ẹni tó bá sì rò pé fọ́tò ojú fóònù (screenshot) á gba òun ní kóòtù, kó mọ̀ pé abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní ìwé ẹ̀rí (certificate) tó ń béèrè kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ó wá ku ohùn tí àwọn ọ̀gá ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, tí iye owó fara pamọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ojú ọjọ́. Ọmọ iṣẹ́ á gbọ́ ọ nínú dáńfó, á dáhùn pé "Noted sà." Kí ló yé e? Ta ni yóò ṣe é? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á láti béèrè, kí wọ́n má baà ní ó ń rí ọ̀gá fín. Ọ̀nà àbáyọ tí kò ní àrífín nínú ni kí ó kọ ohun tó gbọ́ padà: "Ohun tó yé mi, sà: kí n ra páálí ìwé 5, kí owó rẹ̀ má ju ₦150,000, ọ̀kẹ́ méje àbọ̀ náírà, lọ, kó sì dé kí ọjọ́ Ẹtì tó parí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?" Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí àṣà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn láì fajúro. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ti tó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.