Nọ́ńbà práìmù tó tóbi jù lọ kọ́ ló ń ṣọ́ owó ní báńkì

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ráyè nínú ìwé ìròyìn yín. Ibi tí ẹ ti ní èyí tó tóbi jù lọ tí aráyé tíì mọ̀ ni yóò máa ṣọ́ owó wa ní báńkì ni mi ò gbà. (Ẹ̀yin oníròyìn kì í fẹ́ kí nǹkan kan wà tí kò ní mówó wá.)

Lóòótọ́ ni wọ́n ń fi práìmù dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á mú méjì, wọ́n á ṣírò ọ̀kan lọ́nà èkejì, wọ́n á gbé èsì rẹ̀ síta, wọ́n á sì fi méjèèjì pamọ́. Ṣùgbọ́n díjíìtì bíi 300 sí 600 ló sábà máa ń wà nínú irú wọn. Èyí tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Luke Durant ará Amẹ́ríkà rí lọ́dún 2024, ní díjíìtì 41,024,320. Ta ló fẹ́ máa gbé ìyẹn kiri? Àṣírí wo ló sì kù lára nọ́ńbà tí gbogbo ayé ti gbọ́?

Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé práìmù ni ló yẹ kí ẹ kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 136,279,841, kí ẹ wá yọ 1: nọ́ńbà náà nìyẹn. Ayé á parí kí ènìyàn tó fi gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí i pín in wò. Ìdánwò tí Lucas ọmọ ilẹ̀ Faransé gbé kalẹ̀, tí Lehmer ará Amẹ́ríkà tún ṣe, ló yọ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi 31 ṣe é. Ìlọ́po méjì nígbà 5 fún wa ní 32. Yọ 1, ó di 31. Láti orí 4 la ti ń bẹ̀rẹ̀. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Yọ 2, ó ku 14; kò tó 31, a ò tíì ní pín in. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196; yọ 2, ó ku 194; fi 31 pín in, ó ṣẹ́ ku 8. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Yọ 2, ó ku 62. Fi 31 pín in, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn 5 dín 2, a sì bá òdo níbẹ̀: práìmù ni. Ti Durant gba ìgbésẹ̀ 136,279,839.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni Lucas lò lọ́dún 1876 láti fi hàn pé ìlọ́po méjì nígbà 67 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, tí Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti pè ní práìmù lọ́dún 1644, kì í ṣe práìmù rárá. Kò mọ ohun tó pín in o! Ọdún 1903 ni Cole, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó fi nọ́ńbà méjì tó pín in hàn: 193,707,721 àti 761,838,257,287.

Tí wọ́n bá tún rí èyí tó ju ti Durant lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi báńkì sílẹ̀, kí ẹ tẹ ìṣirò 31 yìí síbẹ̀ kí àwọn òǹkàwé fọwọ́ ara wọn ṣe é.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì