Nọ́ńbà fóònù kan fún gbogbo ẹgbẹ́

Báyọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Àwa wà dáadáa ní Adó, iná ṣì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Jọ̀ọ́ jẹ́ n tètè sọ eléyìí, torí gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún níbí ló ní kí n lọ wá nǹkan jẹ.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìkéré ní kí wọ́n bá àwọn kó nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣí i báyìí, gbogbo wọn ló ń lo nọ́ńbà kan náà: 2147483647. Bàbá akápò ní iṣẹ́ àwọn ọmọ yahoo ni. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ pa mí! Àyè tí wọ́n kó o sí, bit 32 (àwọn àyè kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1) ló ní, ọ̀kan ti lọ fún àmì plus tàbí minus, ó ku 31, 2147483647 yẹn sì ni ibi tí 31 lè kà dé. Nọ́ńbà tiwa tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070, 080, 090, tó o bá yọ òdo iwájú, ó ti lé ní bílíọ̀nù méje, kò lè gbà á, ló bá gé gbogbo ẹ̀ mọ́ ibi tágbára ẹ̀ mọ.

Àmọ́ prime ni nọ́ńbà yẹn o, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tán àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀! To 2 mọ́kànlélọ́gbọ̀n kalẹ̀, sọ wọ́n di púpọ̀, kó o yọ 1. Má rò pé gbogbo ìgbà ló máa ń bọ́ sí i, lo 11 dípò 31, 2047 lo máa rí, 23 lọ́nà 89 sì ni. Euler, àgbà onímọ̀ ìṣirò, ló fìdí ti 31 múlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, ní 1772, ojú ẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ fọ́ tán nígbà yẹn, fojú inú wò ó! Kò kàn ń fi gbogbo nọ́ńbà pín in. Ó mọ̀ pé prime yòówù tó bá máa pín in, tó o bá fi 248 pín prime yẹn fúnra ẹ̀, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, kò sì sídìí láti kọjá 46340, torí 46341 lọ́nà 46341 ti ju nọ́ńbà náà lọ. Prime àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i ni 311, mo fi fóònù pín in, 35 ló ṣẹ́kù. Ìyókù, Euler ti bá wa ṣe é.

Ní 1811, Barlow, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé kò dájú pé ẹnikẹ́ni á tún wá èyí tó tóbi ju irú ẹ̀ lọ, torí kò wúlò fún nǹkan kan. Hẹn! Lucas, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, gbé èyí tó ní díjíìtì 39 jáde ní 1876, èyí tí wọ́n rí ní 2024 ní díjíìtì 41,024,320, mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn, 2 rẹpẹtẹ tí wọ́n yọ 1 kúrò lára ẹ̀. Ní tèmi ṣá, èyí tí mo lè kọ sẹ́yìn ìwé ni mo fẹ́ràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ti ń múra 2038? Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, nọ́ńbà yìí náà ni wọ́n máa kà dé ní January 19, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ìdájí nílé níbí. Fèsì o, má ṣe bíi ti ìjọ́sí.

Èmi ni,
Dípọ̀