Sí Olóòtú: /bin/sh ti Solaris 10 yàtọ̀ o

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Abala kọ̀ǹpútà yín ní bí ìlà àkọ́kọ́ script (àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé) bá ti jẹ́ #!/bin/sh, ìyẹn ìlà tó ní kí shell (ètò tó ń ka àṣẹ) tó wà ní /bin/sh ṣe é, kò sí ẹ̀rọ Unix tí kò ní í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjó mẹ́ta lè wà ládùúgbò kan, kí ìwà wọn má dọ́gba. Lórí Debian (irú Linux kan), shell tó ń jẹ́ dash ni /bin/sh. Lórí AIX (Unix ti IBM), ksh ni. Ti Solaris 10 (Unix tí Sun ṣe), tó jáde ní 2005, Bourne shell àtijọ́ ni, tí kò mọ POSIX ti 1992, ìlànà àjùmọ̀lò fún àwọn Unix, rárá.

Ẹ kọ d=$(date) níbẹ̀ láti fi èsì àṣẹ date sínú d, yóò ní `d=$' unexpected. Ẹ kọ d=`date`. Dípò export A=b, ẹ kọ A=b; export A. Fún ìṣirò, $((n+1)) kò sí, àfi n=`expr $n + 1`, kí àlàfo sì wà lọ́tùn-ún lósì àmì +. Láti mọ̀ bóyá fáìlì wà, test -f ni, kì í ṣe -e.

Àwọn wọ̀nyẹn ṣì ń pariwo. Ẹ wo èyí, tó fẹ́ fi àṣẹ tar kó data pamọ́, kó sì kìlọ̀ bí kò bá ṣeé ṣe:

if ! tar cf /bkp/d.tar data; then...

Shell yìí kò mọ ! sí àmì kankan. Ó kà á sí orúkọ àṣẹ, ó wá a tì, ó sì fò kọjá. Tar ò bẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ then náà ò lọ. Lóòótọ́ ó kọ "!: not found", ṣùgbọ́n bí cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un) ló ń ṣe é lóru, ta ló máa ń ka méèlì cron? Ẹ kọ if tar cf /bkp/d.tar data; then :; else, kí ìkìlọ̀ tẹ̀lé e.

Òmíràn tún ni while read x; do...; done < fáìlì. Inú subshell (shell mìíràn tí shell yìí bí) ló ti ń yí, nítorí náà iye tí variable bíi n bá kó jọ níbẹ̀ kò ní í bá a jáde. Ẹ fi exec 3<&0 < fáìlì ṣáájú while, kí ẹ fi exec <&3 3<&- tẹ̀lé done.

Ìdánwò lórí dash kò tó, torí dash gba $( ) àti export A=b láìjiyàn.

Ẹni tí gbogbo èyí bá sú, kó fi #!/usr/xpg4/bin/sh, shell Solaris tó mọ POSIX, sí ìlà àkọ́kọ́, kó sì fi /usr/xpg4/bin ṣáájú nínú PATH (àkójọ ibi tí shell ti ń wá àṣẹ). Àwọn àṣẹ bíi grep -q, id -u àti tail -n yóò ṣiṣẹ́. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá package SUNWxcu4 wà lórí ẹ̀rọ náà. Linux kò ní /usr/xpg4/bin, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá ń gbé script sórí ẹ̀rọ ni kí wọ́n yí ìlà náà padà. Lórí Solaris 11, /bin/sh ti di ksh93.

Òǹkàwé yín