Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba ní Ìpájà

Àbúrò mi,

O kú oríire ipò tuntun. Kí o tó pe ìpàdé P.T.A., kí o tó wá ẹni tí yóò kun ògiri, ní kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ. Wá ìwé ìgbaniwọlé (èyí tí a ń kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá wọlé sí), logbook (ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-ìwé) àti rẹ́jísítà àwọn kíláàsì. Ilé-ìwé tí ìwọ̀nyí bá ti sọnù, àgbọ́sọ ló kù fún un.

O mọ bí púpọ̀ nínú ilé-ìwé girama ìjọba lẹ́yìn odi Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 ni Jákàńdè gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Èkó. Ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì fòpin sí ètò kí àwọn ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn mìíràn máa lọ lọ́sàn-án. Kíláàsì kò tó, wọ́n bá yára kọ́ ilé gbọọrọ tí kò ga, tí àwọn ẹlẹ́gàn ń pè ní ilé adìyẹ. (Ẹni tó ń bú u kò ní ọmọ tó ń gbéra lọ sílé-ìwé lágogo kan ọ̀sán.) Ọdún 1982 ni ètò 6-3-3-4 dé (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS, mẹ́ta ní SSS, mẹ́rin ní yunifásítì), àwọn tó bá a wọ JSS 1 ló sì kọ́kọ́ ṣe SSCE, ìdánwò àṣejáde SSS 3, ní 1988. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá gba testimonial, tó ní òun jáde ní fọ́ọ̀mù fáìfù ní 1995, tún ojú rẹ̀ wò dáadáa: SSS 3 ni wọ́n ti ń jáde nígbà náà.

Tí wọ́n bá ti pín ọgbà yín sí Junior àti Senior, ìwé ìgbaniwọlé àtijọ́ lè wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé kejì. Rọra lọ bá a sọ̀rọ̀, má fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé ìgbaniwọlé, ọmọ kan, nọ́ńbà kan. Ẹni tó lọ tó tún padà dé, nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́ ni kí o dá padà fún un. Inú ìwé-ẹ̀rí ìbí ni kí ọjọ́ ìbí ti wá, kì í ṣe ẹnu ìyá ọmọ. Kí orúkọ bá ti NIN mu, títí kan èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà WAEC àti JAMB ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ á wá máa sáré lọ kóòtù. Bí o bá ṣì í kọ, fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí ó ṣì ṣeé kà, kọ èyí tó tọ́ sókè, kí o bu ọwọ́ lù ú. Má jẹ́ kí Tipp-Ex débẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni rẹ́jísítà: ìlà dídagun kan láàárọ̀, èkejì á gba orí rẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, òdo ni ti ẹni tí kò wá. Kíláàsì ọlọ́mọ 40, láàárín ọjọ́ márùn-ún, àmì 400 ló yẹ kó pé. Bí o bá ka 356, pín in sí 10: bíi ọmọ 36 ló ń wá. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí tíṣà dúró di ọjọ́ Ẹtì kó tó fàmì sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wàá dá a mọ̀: yíǹkì kan náà, kò sí òdo kankan, kódà lọ́jọ́ tí logbook sọ pé òjò kò jẹ́ kí ìdajì ilé-ìwé dé.

Ní ti logbook, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí o kọ, má kọ èrò rẹ: tíṣà tuntun dé, ìjì ṣí òrùlé, àwọn alábẹ̀wò wá láti District, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ agbègbè yín. Kọ déètì, bu ọwọ́ lù ú. Kò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà.

Gbé kọ́bọ́ọ̀dù onírin lé bíríkì, kí ó má kan ògiri, nítorí ikán àti omi òrùlé. Má fi náílọ́ọ̀nù wé ìwé. Ó ń làágùn, yíǹkì á sì ràn. Ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan, fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí o tọ́jú rẹ̀ síbi méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ọ lọ síbòmíràn, má kàn kọ "ìwé mẹ́ta" sínú handing-over note. Kọ orúkọ ìwé, ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ọdún tó parí sí, iye ojú ewé àti èyí tó ti ya, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí o mú ẹ̀dà kan dání.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ